Ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ní abúlé agbègbè Cluny, ilẹ̀ Faransé: ẹ fi ọ̀nà hàn wá

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́fà ní gúúsù Bourgogne nínú oṣù Kẹsàn-án, ní àwọn abúlé tó yí Cluny ká, a kò sì fẹ́ háyà mọ́tò. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa ni pé kí a fi ẹsẹ̀ rìn lónìí, kí a gun kẹ̀kẹ́ lọ́la, kí a máa ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, kí a sì rí bí àwọn ará oko ibẹ̀ ṣe ń gbé. Èmi ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láti ìgbà tí ó ti kúrò ní ilé ìwé girama, orúnkún rẹ̀ kan sì máa ń dùn ún nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ibo ni kí a dé sí? Ṣé kí a gbé kẹ̀kẹ́ láti ilé ni, àbí kí a yá a níbẹ̀? Báwo ni a ó sì ṣe máa jẹun, nítorí mo gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù kò wọ́pọ̀ láwọn abúlé náà?

Ará Kétu ní Lyon:

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, àbúrò mi. Kétu ní ilẹ̀ Benin ni wọ́n bí mi sí, Lyon ni mo sì ń gbé láti ọdún 11 sẹ́yìn, nítorí náà agbègbè tí ẹ dárúkọ yìí ni mo máa ń sá lọ nígbà tí ariwo ìgboro bá sú mi.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Voie Verte. Ojú irin rélùwéè ni tẹ́lẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ̀ kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́, wọ́n hú irin rẹ̀ kúrò, wọ́n da ọ̀dà sí i bí ti títì, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ọdún 1997 ni wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ rẹ̀, láti Givry dé Cluny, kìlómítà 44, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Faransé. Nítorí pé ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè tó ga ṣánṣán, ọ̀nà náà tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, débi pé ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ láti ogún ọdún lè gùn ún láìbẹ̀rù, orúnkún ìyàwó yín kò sì ní bá a jà níbẹ̀. Buxy, Saint-Gengoux-le-National, Cormatin, Taizé àti Massilly ni ẹ ó máa bá pàdé bí ẹ bá ti ń bọ̀ wá sí Cluny, ọgbà àjàrà lápá ibì kan, pápá màlúù lápá ibòmíràn. Àwọn màlúù náà, tí wọ́n ń pè ní Charolais, funfun bíi ti àwọn Fúlàní, àfi pé wọn kò ní iké, ìwo wọn kò gùn, wọ́n sì sanra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi rò pé wọn kò rin ìrìn kìlómítà kan rí láyé wọn.

Láti Cluny sí ìhà Mâcon, ọ̀nà yẹn gba abẹ́ òkè Bois Clair kọjá nínú ihò tó gùn tó mítà 1,600. Iná wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn ṣe lè mú tó níta, otútù inú ibẹ̀ ń wọ egungun, nítorí náà ẹ fi ẹ̀wù otútù sínú àpò. Wọ́n máa ń ti ihò náà pa ní ìgbà òtútù nítorí àwọn àdán tó ń sùn síbẹ̀, ẹni tó bá dé lákòókò yẹn á gba orí òkè kọjá lójú títì mọ́tò. Oṣù tí ẹ mú kò ní ìṣòro.

Ẹ má ṣe gbé kẹ̀kẹ́ wá láti Lọ́ńdọ́nù, wàhálà rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Gare du Nord ní Paris, ẹ wọ RER D, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, fún ìdúró méjì péré, ẹ ó dé Gare de Lyon, ibẹ̀ ni ẹ ó ti wọ TGV, ọkọ̀ ojú irin ayára, lọ sí Mâcon, ìrìn wákàtí kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ẹ fetí sí èyí: Mâcon ní ilé ọkọ̀ ojú irin méjì. Mâcon-Loché TGV wà lẹ́yìn ìlú, Mâcon-Ville wà láàárín ìgboro, ibi tí wọ́n sì jìnnà síra wọn dé kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹrù lórí rìn. Mo mọ tọkọtaya kan tí ọ̀kan ń dúró ní Loché, tí èkejì ń dúró ní Ville, tí àwọn méjèèjì sì ń bínú síra wọn lórí fóònù. Bọ́ọ̀sì tó ń ti Mâcon lọ sí Chalon-sur-Saône máa ń gba Loché, Cluny, Taizé àti Cormatin, ṣùgbọ́n kì í pọ̀, pàápàá ní ọjọ́ Àìkú. Àkókò bọ́ọ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin.

Ní tèmi, Cormatin ni kí ẹ dé sí. Ó dákẹ́, ààfin àtijọ́ kan tí wọ́n kọ́ ní bíi 400 ọdún sẹ́yìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọgbà òdòdó tó lẹ́wà, Voie Verte sì gba ẹ̀gbẹ́ abúlé náà kọjá.

Ìyá Ìbejì, Leeds:

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lyon lórí gbogbo ohun tí wọ́n sọ, àfi lórí ibi tí ẹ ó dé sí. Ẹni tó ní mọ́tò lè sùn sí Cormatin, tàbí ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa tó lè fi fóònù bá ilé oúnjẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹni tí kò ní mọ́tò, tí orúnkún sì ń dun ìyàwó rẹ̀, Cluny ni kó fi ṣe ibùdó. Ilé búrẹ́dì tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ilé oògùn wà, ọjà sì máa ń wà ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, níbi tí ẹ ó ti rí wàràkàṣì ewúrẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ń tà. Lọ́jọ́ tí òjò bá sì dá yín dúró, ẹ ó rí ohun wò. Ọdún 910 ni wọ́n dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kẹta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọdún 1088 gùn tó mítà 187, kò sì sí ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi tó o ní gbogbo ayé onígbàgbọ́ títí wọ́n fi tún ti Peteru Mímọ́ kọ́ ní Róòmù. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba Faransé ni wọ́n tà á fún àwọn tó ń wó o láti ta òkúta rẹ̀. Apá kékeré ló ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá dúró níbi tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì wo iwájú, títì àti ilé ni ẹ ó rí níbi tí àwọn èèyàn ti ń kúnlẹ̀.

Lórí ẹsẹ̀ rírìn, èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ tèmi: ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ọ̀dà tí wọ́n fi sára igi àti òkúta. Ìlà pupa àti funfun tó wà lórí ara wọn ni ti ọ̀nà gígùn tí wọ́n ń pè ní GR, tó lè gbé yín kọjá lọ sí ẹkùn mìíràn pátápátá. Ìlà àwọ̀ ìyeyè kan ṣoṣo ni ti ọ̀nà kúkúrú tó ń yípo padà sí ibi tí ẹ ti gbéra, òun ni yóò sì máa wúlò fún yín jù lọ. Bí ìlà náà bá ṣẹ́ kọ́rọ́, ẹ fẹ́ẹ̀ dé ibi tí ẹ ó ti yà. Bí ẹ bá rí àgbélébùú tó dùbúlẹ̀ bí ìlọ́po nínú ìwé ìṣirò, ẹ ti ṣìnà, ẹ padà sí ìkòríta tó gbẹ̀yìn. Ẹ ra máàpù aláwọ̀ búlúù ti IGN, ilé iṣẹ́ máàpù ìjọba Faransé, irú èyí tí sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ jẹ́ mítà 250 lórí ilẹ̀, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń lọ nínú àwọn àfonífojì.

Ibi méjì ni n kò fẹ́ kí ẹ fò. Èkíní ni Roche de Solutré nítòsí Mâcon, àpáta tí ṣóńṣó rẹ̀ ga ní mítà 493 sí ojú òkun, tó dà bí ẹni pé ó fẹ́ fò lọ láti orí ọgbà àjàrà. Wọ́n ti hú ọ̀pọ̀lọpọ̀ egungun ẹṣin tí àwọn ará àtijọ́ pa jáde ní ẹsẹ̀ rẹ̀, Mitterrand, ààrẹ Faransé nígbà kan rí, sì máa ń gun un lọ́dọọdún ní àkókò Pẹ́ńtíkọ́sì nígbà ayé rẹ̀. Kò tó wákàtí kan láti ìsàlẹ̀ dé orí, ṣùgbọ́n òkúta rẹ̀ ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín mú ọ̀pá dání nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Èkejì ni Brancion. Láti Cormatin, ẹ gba Chapaize, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì òkúta kan wà láti nǹkan bí ọdún 1,000 sẹ́yìn, ẹ gba inú igbó, kí ẹ wá gun òkè lọ sí abúlé náà tí mọ́tò kì í wọ̀. Àlọ àti àbọ̀ gba odindi ọjọ́ kan.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí. Ọjọ́ Ajé kan ni èmi àti àwọn ọmọ mi gbéra, a rò pé a ó ra búrẹ́dì ní abúlé tó kàn. Ilé búrẹ́dì abúlé àkọ́kọ́ tì, ilé oúnjẹ abúlé kejì tì, abúlé kẹta kò tilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kankan. A kò mọ̀ pé ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń sinmi nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Gaàrí Ìjẹ̀bú wà nínú àpò mi, pẹ̀lú ẹ̀pà àti ṣúgà. A jókòó sí etí ibi tí àwọn obìnrin abúlé ti ń fọ aṣọ láyé àtijọ́, ilé kékeré tó ní òrùlé tí odò tútù ń ṣàn gba inú rẹ̀, irú èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ abúlé níbẹ̀. Mo ti da gaàrí sínú abọ́ tán kí Kẹ́hìndé tó ka àkọlé tó wà lára ògiri: *eau non potable*, omi yìí kò ṣeé mu. Omi mọ́ gaara, ó ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ lẹ́bàá wa, a kò sì lè fọwọ́ kàn án. Mo kan ilẹ̀kùn ilé tó sún mọ́ wa jù, ìyá arúgbó kan yọjú, mo kí i, mo na ìgò mi, ó sì bù ú kún. Ó tẹ̀ lé wa jáde, ó dúró títí gaàrí fi wú, ó béèrè ohun tí ó jẹ́, ó tọ́ ọ wò pẹ̀lú ṣíbí Táíwò, ó mi orí, ó wọlé lọ gbé jáàmù àti ìdajì búrẹ́dì fún àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í jáde láìmú omi lítà kan àti ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ẹ bá ti rí *eau potable* láìsí *non* ni kí ẹ ti rọ omi. Ẹ̀rọ omi máa ń wà lẹ́bàá ibi ìsìnkú pẹ̀lú, ẹ ka àkọlé rẹ̀ kí ẹ tó mu.

Akẹ́kọ̀ọ́ Dijon:

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ oúnjẹ kí n tó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Láti aago 12 sí aago 2 ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù abúlé máa ń tì, ilé oúnjẹ nìkan ló máa ń ṣí, òun náà kì í sì í fẹ́ gba ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn aago kan àti ààbọ̀. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá fẹ́ jẹun gbígbóná, ẹ jókòó kí aago kan tó lù. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú le ju ọjọ́ Ajé lọ. Bí ẹ bá sùn sí ilé tí onílé ti ń gba àlejò, tí wọ́n ń pè ní *chambre d'hôtes*, ẹ béèrè bóyá onílé lè se oúnjẹ alẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe ìgbà tí ebi bá dé.

Ní ti kẹ̀kẹ́, ẹ yá a ní Cluny, ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ yípo pẹ̀lú fóònù kí ẹ tó gbé e kúrò. Níbì kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n fẹ́ yọ nínú owó ìdógò mi nítorí ìhá kan tó ti wà lára kẹ̀kẹ́ kí n tó rí i. Àwòrán tí mo yà ló gbà mí. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì dára fún ìyàwó yín ní ọjọ́ Brancion, nítorí òkè. Mọ́tò inú rẹ̀ kì í ràn yín lọ́wọ́ mọ́ tí eré bá ti kọjá kìlómítà 25 ní wákàtí kan, ó sì wúwo púpọ̀, nítorí náà lórí Voie Verte kò pọn dandan, mo tilẹ̀ rò pé owó ṣòfò ni.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ́nù, ẹ rántí pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi ti Nàìjíríà. Nínú abúlé, ọkọ̀ tó bá ti apá ọ̀tún yọ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ kọjá, àfi níbi tí àmì bá sọ ohun mìíràn. Ọ̀nà kékeré tí ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan lè yọ katakata sí yín lójijì. Wọ́n kà á léèwọ̀ láti ki ohun ìgbọ́rin sétí lórí kẹ̀kẹ́, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ yúrò 135. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 gbọ́dọ̀ dé àṣíborí. Lẹ́yìn ìlú, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tàbí tí kùrukùru bo ojú ọ̀nà, ẹ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tó ń tàn yanran.

Bàbá Ọ̀yọ́, Croydon:

Ṣé ìyàwó yín ní ìwé ìrìnnà ti Britain? Bí ó bá jẹ́ ti Nàìjíríà ló ní, ìwé ìgbélùú Britain kò tó láti wọ Faransé. Ó gbọ́dọ̀ gba fisà Schengen, pẹ̀lú ìwé adójútòfò ìrìnàjò tó bo yúrò 30,000 ó kéré tán. Ẹ lè kọ̀wé béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 15 kí ẹ tó gbéra. Ẹ má fi í falẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Fisà ti wà nílẹ̀, bàbá. Cluny ni a ó dé sí, kí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lyon má bínú o. Ohun méjì ló kù tí ìyàwó mi ń béèrè. Ojú wo ni àwọn ará abúlé fi ń wo aláwọ̀ dúdú méjì tó ń rìn kiri láàárín oko wọn? Ṣé òótọ́ sì ni pé àwọn ọdẹ máa ń yìnbọn nínú igbó lákòókò yẹn?

Ará Kétu ní Lyon:

Inú mi kò bàjẹ́, ìyá Ìbejì ló mọ ohun tí obìnrin ń fẹ́.

Wọn yóò wò yín. N kò ní parọ́ fún yín. Ní abúlé tí kò ní ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ, wọ́n ń wo ará Paris náà. Ohun tó ń yí ojú yẹn padà ni ìkíni, ọmọ Yorùbá kò sì yẹ kó kùnà nínú èyí. Ẹ kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù kí ẹ kàn nàka sí búrẹ́dì. *Bonjour madame*, *bonjour monsieur* ni kí ẹ fi wọlé, *au revoir, bonne journée* ni kí ẹ fi jáde, ẹ sì kí ẹni tí ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà oko pẹ̀lú. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tàbí ṣáájú díẹ̀, *bonsoir* ni. *Vous* ni kí ẹ máa pe gbogbo èèyàn, òun ló dà bí «ẹ» lọ́dọ̀ wa. *Tu* ni «o», ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọdé. Ẹni tí ẹ kò kí kò ní ka ẹ̀rín yín kún nǹkan kan. Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání, nítorí àwọn *gendarme* tó ń ṣọ́ abúlé lè béèrè rẹ̀. Wọ́n béèrè tèmi lẹ́ẹ̀méjì ní ọdún 11, àwọn ọ̀rẹ́ mi aláwọ̀ funfun tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ kò sì tíì fi tiwọn hàn rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ èyí náà sílẹ̀.

Bí ọjọ́ kan bá ṣẹ́ kù fún yín, ẹ yà sí Taizé, bíi kìlómítà 10 sí Cluny. Ará Switzerland kan, Arákùnrin Roger, ló dá ẹgbẹ́ àdúrà kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1940, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ sì ń wá láti gbogbo ayé. Kò sí ibòmíràn ní agbègbè náà tí ẹnikẹ́ni kò ti ní wo àwọ̀ ara yín rárá.

Ìyá Ìbejì, Leeds:

Òótọ́ ni ti àwọn ọdẹ. Inú oṣù Kẹsàn-án ni àkókò ọdẹ máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ títí dé ìparí oṣù Kejì. Bí ẹ bá rí pátákó tí wọ́n kọ *chasse en cours* sí lẹ́nu ọ̀nà igbó, wọ́n ń ṣọdẹ lọ́wọ́ ni, ẹ yí padà, ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó sáré kọjá. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn. Ẹ ti géètì pápá padà lẹ́yìn yín, ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí màlúù ká, iná ló wà nínú rẹ̀.

Ní alẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún àti abíyá ara yín bóyá eégbọn wà níbẹ̀. Ilé oògùn ń ta ìkọ́ kékeré tí a fi ń yọ ọ́ láìfọ́ orí rẹ̀ sínú ara. Bí ojú ibẹ̀ bá pọ́n roboto tó sì ń fẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà. Fún ohun pàjáwìrì, 112 ni nọ́ńbà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham:

A ti dé o, ẹ kú àdúrò. Ìyàwó mi gun kẹ̀kẹ́ láti Cluny dé Cormatin láìsọ̀ kalẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ti ń wo iye tí wọ́n ń ta kẹ̀kẹ́ ní Peckham. Solutré wọ̀ ọ́ lára ju Brancion lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jókòó fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ níbi kan. Àwọn tó ń ká àjàrà wà nínú ọgbà lọ́jọ́ náà, wọ́n jù ọwọ́ sí wa, a sì kígbe *bonjour* títí ohùn fi há.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa. Láàárín Taizé àti Cormatin, táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi jò. Tiúùbù mìíràn wà nínú àpò tí wọ́n fún wa, pọ́ǹpù wà, mo pààrọ̀ rẹ̀ tán, àṣé ẹnu tiúùbù tuntun náà jẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, ti pọ́ǹpù sì jẹ́ fún èyí tó sanra bíi ti táyà mọ́tò. Wọn kò bá ara wọn mu. Kò sí fọkanáísà lẹ́bàá títì bíi ti ilé, mo sì ti kẹ̀kẹ́ náà bíi kìlómítà mẹ́ta kí ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń gun tirẹ̀ bọ̀ tó dúró, tó tú ìdérí kékeré kan láti inú àpò rẹ̀, tó fi so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó yọ pọ́ǹpù àti tiúùbù jáde níwájú ẹni tó fẹ́ yá a ní kẹ̀kẹ́, kó fi ọ̀kan bọ ẹnu èkejì kó tó kúrò níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Dijon:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìdérí yẹn kò tó yúrò mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́. Ẹ̀bi mi ni, ó yẹ kí n ti sọ ọ́.